Díìsìkì Méjì Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Ọjọ́rú, 18 oṣù Kejì, 2026

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ti àwọn onígbàgbọ́ náà bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kò sí ẹni tó jẹun ní gbogbo ọ́fíìsì wa, gbogbo ojú sì le bí ojú ẹni tí wọ́n jí ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀. Fuad ọkọ mi ló dáná sààrì, ìgbà àkọ́kọ́ rèé látìgbà tí a ti ṣe yìgì. Ìkọ́kọrẹ́ ló sè. Ó jọ sìmẹ́ńtì. Mo jẹ ẹ́ tán nítorí pé ọkọ mi ni, títí di ìrọ́lẹ́ ni kò sì kúrò lójú kan nínú mi.

Eruku ni láti Àgọ́ dé Òrù. Ọlọ́kadà gba ẹgbẹ̀rún kan àti igba náírà dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ní epo ló fà á.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, Alhaja Asimawu wọlé tọ̀ mí wá. Ọdún kejìlélógún rèé tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́jì ìmọ̀ ìlera wa yìí, níbi tí èmi ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà.

"Fáìzàh, fódà àbájáde ìdánwò ti lọ."

"Ó lọ síbo, Alhaja?"

"Bí mo bá mọ ibi tó lọ, ṣé ọ̀dọ̀ ẹ ni mo máa wá?"

Mo wò ó. Lóòótọ́, ó ti lọ. Àbájáde àwọn mẹ́tàlélọ́gọ́ta tó fẹ́ jáde, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta gbáko, kò sí mọ́ lórí sáfà, ibi tí gbogbo kọ̀ǹpútà wa ń kó fáìlì sí. Ti orí ìwé ńkọ́? Ikán ti jẹ ẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́dún tó kọjá. Èmi gan-an ni mo ṣìpẹ̀ fún wọn nígbà náà pé kí wọ́n má banú jẹ́, pé ikán kì í jẹ kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀, aago méjìlá ọ̀sán, ni ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tó wà ní Àbújá yóò ti ilẹ̀kùn. Ọmọ tí orúkọ àti máàkì rẹ̀ kò bá tíì dé ibẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó di nọ́ọ̀sì.

Mo fi ọkàn Alhaja balẹ̀. Mo ní bákọ́ọ̀pù wà, ẹ̀dà sáfà tí ẹ̀rọ ń ṣe pamọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ọjọ́bọ̀, 19

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà kò tíì pé.

Jímọ̀, 20

Ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́jì, Dókítà Àdúràgbèmí, pe ìpàdé. Obìnrin tí kì í pariwo ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti ń rọra sọ̀rọ̀ ni ìbẹ̀rù ń pọ̀ sí i. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé.

Mo ní bákọ́ọ̀pù wà, ó sì ń ṣí. Àmọ́ nígbà tí mo fẹ́ mú fódà kan ṣoṣo jáde nínú rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ náà nìkan ló hàn sí mi. Ibi tí fáìlì ń gbé ṣú dùdù. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò mọ irú nǹkan tí èyí jẹ́.

"Dá gbogbo ẹ̀ padà nígbà náà," Ọ̀gá wí.

"Bí a bá dá gbogbo ẹ̀ padà, mà, àwọn ọmọ tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé á pòórá. Kò sì sí àyè tí a lè gbé odidi ẹ̀dà kejì sí. Fódà kan péré la nílò."

Bàbá Rẹ́jísírà wà níbẹ̀, Alàgbà Zechariah Oyètọ́lá, nínú aṣọ funfun wọn, tí wọ́n máa ń wọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ààwẹ̀. Wọ́n ti ń mi orí tipẹ́.

"Fáìzàh, sáfà tí ẹ ń wí yìí, èwo ni nínú àwọn ẹ̀rọ inú yàrá yẹn?"

"Kò sí èyí tẹ́ ẹ lè fọwọ́ kàn níbẹ̀, sà. Inú ẹ̀rọ ńlá yẹn ló wà. Kọ̀ǹpútà nínú kọ̀ǹpútà ni."

"Kò ní ara?"

"Kò ní ara, sà."

"Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́, ó ń gbọ́, ó ń dáhùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n yíjú sí Ọ̀gá. "Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀. Ẹ̀mí ni."

Wọ́n ní àwọn ọ̀tá ló ti òkèèrè wọlé wá pa fódà náà rẹ́, pé àwọn yóò gbé e síwájú àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní Àìkú. N kò bá wọn jiyàn. Láti ọjọ́ méjì, ìdáhùn tó dára ju tiwọn lọ kò sí lẹ́nu tèmi náà.

Ajé, 23

Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwọn kan ní kì í ṣe ọ̀tá òkèèrè, pé ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ló ṣílẹ̀kùn. Ẹni méjì ló lè pa nǹkan rẹ́ nínú fódà yẹn: Bàbá Rẹ́jísírà àti Alhaja Asimawu. Ta ni yóò fura sí alàgbà? Wọ́n kọ kúẹ́rì fún Alhaja. Ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀ ni wọn yóò jókòó gbọ́ ẹjọ́ wọn. Oṣù Kẹfà ni wọ́n fẹ́ fẹ̀yìn tì.

Wọ́n mú lẹ́tà náà wá hàn mí. Wọ́n ti pọ́n ọn sínú ọ̀rá bí ẹni pọ́n ẹ̀kọ.

"Ṣé wàá rí i, Fáìzàh?"

Mo ní màá rí i. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì fi orí lé tábìlì.

Ìṣẹ́gun, 24

Ìṣẹ́gun lóòótọ́! Díẹ̀.

Mo ti mọ ohun tó ń dá mi lọ́nà. LVM ni. Ẹni tó tò sáfà náà kò kó fáìlì sórí díìsìkì lásán. Ó kó díìsìkì pọ̀, ó fún àpapọ̀ wọn ní orúkọ, inú àpapọ̀ yẹn ló wá gé àyè fún fáìlì. Bákọ́ọ̀pù wa kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka irú rẹ̀. Mo nílò kọ̀ǹpútà mìíràn tó mọ̀ ọ́n kà. Mo kọ́ kékeré kan, mo gbé díìsìkì inú bákọ́ọ̀pù fún un, ó bá kọ̀ jálẹ̀. Ìdí tó fi kọ̀ ni pé inú àwòṣe kan náà la ti gé àwọn méjèèjì, orúkọ kan náà ni àpapọ̀ tiwọn ń jẹ́, nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn náà kò yàtọ̀. Ó rán mi létí ìgbà tí Fáìzàh méjì wà ní kíláàsì wa ní pírámárì. Bí tíṣà bá pe Fáìzàh, kò sẹ́ni tó máa dáhùn, kí ẹgba má baà ṣèèṣì.

Mo fún ti inú bákọ́ọ̀pù ní nọ́ńbà tuntun àti orúkọ tuntun. Mo sọ ọ́ ní Asimawu, kí ó lè rántí ẹni tí a ń tìtorí ẹ̀ ṣe é. Ó gbà. Mo fò sókè. Lẹ́yìn náà ni mo ka ohun tó kọ sísàlẹ̀: ẹyọ díìsìkì kan ṣoṣo ló rí nínú méjì.

"Yéè, Asimawu ò pé!" ni mo pariwo.

"Ta ni ò pé?" Alhaja ni, lẹ́nu ọ̀nà.

Ó gbà mí ní wákàtí kan kí n tó ṣàlàyé tán.

Ọjọ́rú, 25

Kò sí iná. Dísù jẹnẹrétọ̀ tán. Bàrà kékeré kan lọ́jà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Mo wò ó títí, mo bá tèmi lọ.

Ọjọ́bọ̀, 26

Bàbá Rẹ́jísírà wá béèrè ibi tí nǹkan dé. Mo ní fáìlì wa sùn lórí díìsìkì méjì, apá kan níhìn-ín, apá kan lọ́hùn-ún, ọ̀kan kò sì ṣeé kà láìsí èkejì.

"Bíi tọkọtaya," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àti pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, sà. Díìsìkì kejì kò sí nínú bákọ́ọ̀pù rárá."

"Èkejì wá sùn sí ilé ta ni?"

Ìbéèrè tó yẹ kí èmi ti bi ara mi nìyẹn. Mùbàṣírù ló wà lórí iṣẹ́ yìí kí n tó dé. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án, ó ní òun ń lọ sí Ìwòpin lọ sin ẹja. Mo pè é nígbà mọ́kànlá. Obìnrin inú fóònù ní kò sí lórí afẹ́fẹ́. Bóyá ó wà lábẹ́ omi.

Àbámẹ́ta, 28

Mo lọ sí Ìwòpin pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu. Ọkọ̀ kan dé Ìjẹ̀bú-Òde, òmíràn lọ sí Wọ́tásáìdì. Èèyàn mẹ́rin ni wọ́n tò sí ìjókòó ẹ̀yìn, ìkarùn-ún ni agbọ̀n edé gbígbẹ lórí itan mi. Ànábì ní òórùn ẹnu aláàwẹ̀ dùn lọ́dọ̀ Ọlọ́run ju àlùmísíkì lọ. Kò sọ nípa òórùn aṣọ rẹ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ilé iṣẹ́ pépà, mo ń béèrè Mùbàṣírù lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí mo bá pàdé. Mo ń ronú pé ká ní orí pépà la ṣì ń kọ gbogbo nǹkan sí ni, ikán nìkan là bá máa bá jà.

Létí omi ni mo bá a, ó jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó ti sanra. Ara rẹ̀ ń dán.

"Ọmọ Àgọ́! Níbo lò ń yún nínú oòrùn yìí?"

"Ọ̀dọ̀ ẹ ni. Díìsìkì kejì dà?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó rọra gbé abẹ́rẹ́ àwọ̀n sílẹ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá bá nílé.

Ó ní lọ́dún tó kọjá, àyè kún lórí sáfà. Ó so díìsìkì kejì mọ́ ọn, ó fẹ àpapọ̀ náà lójú. Ṣùgbọ́n bó ṣe so ó, bákọ́ọ̀pù máa ń fò ó kọjá ni. Nígbà tó rí i bẹ́ẹ̀, ó kọ ètò kékeré kan. Ní gbogbo òru Jímọ̀, bí bákọ́ọ̀pù bá ti ń mú díìsìkì àkọ́kọ́, ètò yẹn yóò máa da ẹ̀dà díìsìkì kejì sórí háàdì kan tó so mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ńlá. Ìkan péré ló máa ń fi síbẹ̀. Bí ti Jímọ̀ tuntun bá dé, á pa ti àtijọ́ rẹ́.

"Háàdì dúdú. Mo fi òwú pupa dì í."

"Mùbàṣírù, n kò rí háàdì kankan níbẹ̀ rí. Kí ló dé tí o kò kọ gbogbo èyí sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ?"

"Mo kọ ọ́! Ojú ìwé mẹ́rin. Mo yà á ní àwòrán pàápàá."

"Ibo lo kọ ọ́ sí?"

Ó yíjú sí omi. "Orí díìsìkì kejì."

Mo wo abẹ́rẹ́ àwọ̀n yẹn. Ààwẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. Ó fún mi ní ẹja ọ̀bọ̀kún mẹ́ta láti fi túúbá, ó sì gba nọ́ńbà mi, ó ní òun yóò máa gun orí òkè kan ní gbogbo aago mẹ́rin kí n lè rí òun pè.

Ajé, 2 oṣù Kẹta

Èmi àti Alhaja tú yàrá sáfà. A bá bàtà ẹsẹ̀ kan, ìwé àdúrà, àti ilé aláǹtakùn tó tó ẹni gbé. Kò sí háàdì. Wáyà tí wọ́n fi so ó nìkan ló ń mì dirodiro lẹ́yìn ẹ̀rọ.

A bi olùtọ́jú ilé. Ó ní òun kò mọ̀. A bi ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Ó ní òun kì í wọ ibi tí ẹ̀rọ wà, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ lára. Nígbà tó di ọ̀sán, Alhaja jókòó sórí àga, wọ́n ní kí n má ṣe ìyọnu mọ́, pé bóyá bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe kọ ọ́. N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún yìí.

Ìṣẹ́gun, 3

Allahu Akbar!

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ń sọ fún ẹnì kejì lọ́ọ̀dẹ̀ pé fíìmù Àbámẹ́ta dùn. Mo dúró. Fíìmù wo? Ó ní Mọ́mì Họ́sítẹ̀lì ló máa ń fi hàn àwọn lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, wọ́n ní háàdì kan tó kún fún fíìmù.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré. Mọ́mì Họ́sítẹ̀lì, Màmá Sarah tó ń ṣàkóso ilé àwọn ọmọbìnrin, ń ká aṣọ lórí okùn. Mo bi wọ́n. Wọ́n wọlé, wọ́n mú un jáde láti abẹ́ ìrọ̀rí. Ó dúdú. Òwú pupa wà lára rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ yọ ọ́ níbẹ̀, Mọ́mì?"

"Èmi ni. Ìparí oṣù kìíní, nígbà tí ẹ ń gbálẹ̀ yàrá yẹn. Mo rí i tó ń ṣẹ́jú lásán lẹ́yìn ẹ̀rọ, kò ṣe nǹkan kan. Mo ní kó wá ṣiṣẹ́ gidi."

Mo di háàdì náà mú. "Ẹ pa nǹkan kan rẹ́ nínú ẹ̀?"

"Nǹkan ńlá kan wà níbẹ̀ tí kì í fi àwòrán hàn. Ó gba àyè jù. Àwọn ọmọ ní kí n pa á rẹ́, kí n lè gba fíìmù ará Ṣáínà tó kù. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó wá ń bi mí pé ṣé ó dá mi lójú."

"Ẹ wá ní kí ni, Mọ́mì?"

"Kò dá mi lójú. Mo bá fi í sílẹ̀."

Mo dì mọ́ wọn láàárín aṣọ tútù. Wọ́n ní ṣé n kò ní já a gbà pẹ̀lú fíìmù inú ẹ̀, pé ó ku apá kẹjọ.

Ọjọ́rú, 4

Odindi ọjọ́ ni mo fi ń da ẹ̀dà háàdì náà sórí ẹ̀rọ. Ọ̀gá fọwọ́ sí dísù ogún lítà.

Ní ọ̀sán, Bàbá Rẹ́jísírà dé pẹ̀lú ike omi àdúrà. Wọ́n ní àwọn alàgbà ti gbààwẹ̀ sí i. Kí n tó sọ̀rọ̀, wọ́n ti wọ́n ọn sí igun àkọ́kọ́, wọ́n ń bọ̀ sí apá ẹ̀rọ, wọ́n ń pe orúkọ àwọn áńgẹ́lì. Mo ṣí agbòòrùn mi bo háàdì mọ́lẹ̀.

"Fáìzàh, ò ń dènà ìbùkún."

"Omi ni mò ń dènà, sà. Kí ìbùkún máa bọ̀."

Wọ́n dúró, wọ́n rò ó. Wọ́n wá fi omi tó kù wọ́n agbòòrùn náà dáadáa. Wọ́n ní yóò wọlé fúnra rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 5

Mo so díìsìkì méjèèjì pọ̀. Ó ní ó pé. Mo ṣí i. Orúkọ fódà jáde! Alhaja ń ké Alhamdulillah. Mo tẹ fáìlì àkọ́kọ́, wúruwùru ló kún inú rẹ̀. Mo tẹ ìkejì, wúruwùru. Níbi tí ó yẹ kí orúkọ ọmọ wà, àmì tí ẹnikẹ́ni kò bí ló wà.

Àárẹ̀ mú mi. Mo lọ sílé ní aago mẹ́ta.

Jímọ̀, 6

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Ó ká gbogbo aṣọ wa mọ́ ìta.

Lẹ́yìn tí a ṣínu, mo sunkún díẹ̀. Fuad gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀. Télọ̀ ni ọkọ mi, bí ó bá gbọ́ ìṣòro, sòkòtò ló máa ń fi wé e. Ó ní kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo tún un sọ.

"Ẹsẹ̀ sòkòtò kan, ìgbà wo lo gé e?"

"Díìsìkì àkọ́kọ́? Bákọ́ọ̀pù tó gbẹ̀yìn ni mo lò. Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejì."

"Ẹsẹ̀ kejì ńkọ́?"

"Kí Mọ́mì tó yọ ọ́ ni. Ọgbọ̀njọ́ oṣù kìíní."

"Ìwọ fi ẹsẹ̀ tí o gé kí oníbàárà tó sanra, o rán an mọ́ èyí tí o gé lẹ́yìn tó sanra. O wá ń sunkún pé sòkòtò ò wọ̀."

Mo wò ó. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń sọ fún un pé kò lè lóye iṣẹ́ mi. Màá jẹ ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ títí ààwẹ̀ yóò fi parí, láìjanpata.

Ajé, 9

Mo wá bákọ́ọ̀pù ọgbọ̀njọ́ oṣù kìíní jáde. Ó kù díẹ̀ kó pa ara rẹ̀ rẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló máa ń lò. Mo so ó mọ́ ti háàdì, Jímọ̀ pẹ̀lú Jímọ̀, òru kan náà. Mo ní kí ó ṣí wọn fún kíkà nìkan, kí ó má fi ọwọ́ kan nǹkan kan nínú wọn. Alhaja dúró lẹ́yìn mi, ọwọ́ wọn lórí èjìká mi, ó ń wúwo bí àpò gàrí.

Mo tẹ fáìlì àkọ́kọ́.

Alhaja kà á síta: "Abẹ́ẹ̀bí Aaliyah. Ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn, mọ́kànléláàádọ́rin."

Mo ní kí wọ́n tún un kà.

Kò pé tán ṣá o. Àwọn méjìlá wà tí wọ́n kọ máàkì ìdánwò àfọwọ́ṣe wọn sílẹ̀ lóṣù Kejì, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ háàdì. Àmọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀rẹ́dọlá, olùkọ́ wọn, ló dán àwọn méjìlá náà wò, ó sì jẹ́ ẹni tí kò gba kọ̀ǹpútà gbọ́. Inú ìwé kékeré tó ń fi sápò ni gbogbo rẹ̀ wà. Ó kà wọ́n fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò mí láti òkè dígí rẹ̀ lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan bí ẹni pé èmi ni mo ṣe kọ̀ǹpútà.

Ìṣẹ́gun, 10

Mo fẹ́ mọ ẹni tó pa fódà náà rẹ́. Kì í ṣe nítorí àtibá ẹnikẹ́ni jà. Ẹjọ́ Alhaja ní Ọjọ́bọ̀ kò tíì yí padà: wọ́n ti rí fódà, ẹni tó pa á rẹ́ ni wọ́n ṣì ń wá. Sáfà máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá pa nǹkan rẹ́. Wíwá fódà kò jẹ́ kí n ráyè wò ó tẹ́lẹ̀; mo tú àkọsílẹ̀ náà láàárọ̀.

Ìṣẹ́gun, 17 oṣù Kejì, aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì. Orúkọ Bàbá Rẹ́jísírà ni. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì wọn ni.

Mo kà á nígbà mẹ́fà. Mo lọ kírun. Mo padà, ó ṣì wà níbẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn, mo sì ti ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo fi í síwájú wọn. Wọ́n wọ dígí. Wọ́n kà á, wọ́n bọ́ dígí, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́.

"Ọjọ́ tó ṣáájú Lẹ́ńtì," ni wọ́n wí nígbà tó yá. "Mò ń tún kọ̀ǹpútà mi ṣe. Mo ní kí èmi àti òun jọ wọnú ààwẹ̀ ní mímọ́. Ohun tó bá jọ méjì, mo ń pa ọ̀kan rẹ́."

"Èyí tí ẹ rí kì í ṣe ẹ̀dà, sà. Ojú ọ̀nà sí ọ̀kan ṣoṣo tó wà ni."

"Ó bi mí bí ó bá dá mi lójú." Wọ́n gbé ojú sókè. "Fáìzàh, ó dá mi lójú."

Wọ́n wá ń wo ọwọ́ ọ̀tún wọn. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta làwọn ti ń gbàdúrà kí Ọlọ́run rọ ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Wọ́n ní láti Àìkú ló ti ń dùn wọ́n ní ìgbọ̀nwọ́.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún náà fẹ́ pa mí. Mo ní n kò tíì fi hàn ẹnikẹ́ni. Mo fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì wọn, mo jáde. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Bí wọn kò bá sọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀, èmi yóò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo bẹ Ọlọ́run kí ó má kàn mí.

Ọjọ́rú, 11

Bàbá Rẹ́jísírà kò wá sí ibi iṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 12

Ènìyàn méje ló jókòó. Alhaja dúró níwájú wọn nínú híjáàbù tuntun, lẹ́tà kúẹ́rì lọ́wọ́ wọn nínú ọ̀rá yẹn. Àga Rẹ́jísírà ṣófo. Ọ̀gá béèrè pẹ̀lẹ́ bóyá Alhaja ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Wọ́n ní àwọn kò ṣe é, àwọn kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rí hàn pé ènìyàn kò ṣe nǹkan.

Ọwọ́ mi ti wà nínú báàgì, lórí ìwé náà, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Aṣọ funfun ló kọ́kọ́ wọlé.

"Ẹ má bi obìnrin yìí ní nǹkan kan mọ́," ni Bàbá Rẹ́jísírà wí. "Èmi ni mo pa á rẹ́. Mi ò mọ̀ nígbà tí mo ṣe é. Àmọ́ láti ìjẹta mo ti mọ̀, mo sì sun oorun méjì lé e lórí, ìtìjú ló mú mi. Ẹ kọ kúẹ́rì tèmi."

Wọ́n yíjú sí Alhaja, àgbàlagbà ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. Gbogbo wa dìde. Ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí òun yóò kọjú sí.

Alhaja sún mọ́ wọn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ dìde, Bàbá," ni Alhaja wí. "Ẹ dìde. Funfun lẹ wọ̀, ilẹ̀ yìí ò mọ́."

"Ẹ dárí jì mí ná."

"Mo ti dárí jì yín. Inú ń bí mi, àmọ́ mo ti dárí jì yín. Ẹ jẹ́ kí inú máa bí mi títí di ọdún Ìtùnú."

"Ó tọ́," ni Bàbá wí láti ilẹ̀.

Ọ̀gá gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ Alhaja, wọ́n yọ ọ́ nínú ọ̀rá, wọ́n ya á sí méjì.

Jímọ̀, 13

Aago mẹ́sàn-án, nẹ́tíwọ̀kì kò sí. Aago mẹ́wàá, ó dé, ó lọ. Aago mọ́kànlá, èmi, Alhaja àti Bàbá Rẹ́jísírà gbé kọ̀ǹpútà lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọkùnrin, nítorí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì dúró sí. Bàbá ló gbé agbòòrùn lé wa lórí. Ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógójì, àbájáde náà lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́fà lẹ́yìn náà, ìdáhùn dé láti Àbújá pẹ̀lú orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n gbà.

Mo ní ó ti parí. Alhaja ní kò tíì parí. Wọ́n gba kọ̀ǹpútà lórí itan mi, wọ́n fi ìka tẹ̀ lé orúkọ náà lójú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kà á síta. Nígbà tí wọ́n dé ogún, àwọn ọmọ ti ń yọ jáde láti kíláàsì, wọ́n ń dúró lókèèrè. Bí ọmọ kan bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, á bo ẹnu. Ẹnikẹ́ni kò pariwo, kí Alhaja má baà ṣì í kà.

Ọgọ́ta. Mọ́kànlélọ́gọ́ta. Méjìlélọ́gọ́ta. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

Alhaja gbé kọ̀ǹpútà padà fún mi. Wọ́n bọ́ bàtà wọn méjèèjì, wọ́n na ẹsẹ̀ sínú ewé máńgòrò, wọ́n fi ẹ̀yìn ti igi.

"Wọ́n pé," ni wọ́n wí.